Bí Kírípítò Bá Gba Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tí Kò Yẹ

Orí ìwé yìí wà fún oníṣòwò tó fi Tamale ní Gáná ṣe ibùdó, tó ń fi USDT sanwó ọjà fún ẹni tó wà l'Ékòó, ní Kùtọ̀nù tàbí ní Guangzhou, tàbí tó ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó wà ní London. Òwò tó ń ré kọjá bodè kì í ṣe tuntun fún Yorùbá ìlú náà. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti àyíká rẹ̀ ti ní ìsọ̀ ní Tamale tipẹ́tipẹ́ kí òfin ìjọba Busia ti Gáná tó lé ọ̀pọ̀ wọn wálé ní ìparí ọdún 1969. Ìṣòro àtijọ́ kan ṣì wà nílẹ̀ títí dòní: náírà kì í ná ní ọjà Aboabo ní Tamale, sídì kì í sì í ná ní ọjà Alaba l'Ékòó. Ohun tó jẹ́ kí USDT wọ àárín oníṣòwò nìyẹn. Kírípítò ni, ilé iṣẹ́ Tether ló ń ṣe é, wọ́n sì ń rí i pé iye rẹ̀ ń bá dọ́là kan ti Amẹ́ríkà dọ́gba. Ó yára, kò sì béèrè ìlú tí èèyàn ń gbé. Àmọ́ ibì kan wà tó ti máa ń gbé èèyàn ṣubú, ibẹ̀ la fẹ́ tọ́ ara wa sọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé Alhaja kan tó ń ta òrí ní Tamale fẹ́ gba 800 USDT lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀ l'Ékòó. Ó fi àdírẹ́ẹ̀sì wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x. Oníbàárà náà dé ibi tí áàpù ti ń béèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìyẹn ọ̀nà tí owó yóò gbà. Ó rí ERC20 tí owó iṣẹ́ rẹ̀ wọ́n, ó rí BEP20 tí tirẹ̀ kéré, ó sì yan èyí tó kéré. Lójú fóònù rẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Lójú fóònù Alhaja, òfo. Ọ̀kan ń búra pé òun ti sanwó, ìkejì ń búra pé òun ò rí kọ́bọ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń di ti "ṣé ẹ fẹ́ jẹ mí ní gbèsè ni?" Bẹ́ẹ̀ òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ibi tí owó náà wà

Kírípítò kì í sọnù sójú ọ̀nà. Bí ìfiránṣẹ́ bá ti yọrí, owó ti dé àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n yàn, yóò sì wà níbẹ̀ títí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ àdírẹ́ẹ̀sì náà yóò fi gbé e. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ethereum, tí ìlànà token (kírípítò bíi USDT) rẹ̀ ń jẹ́ ERC20, ni wọ́lẹ́ẹ̀tì Alhaja ń fi hàn án, owó rẹ̀ sì ti gúnlẹ̀ sórí BNB Smart Chain, tí BEP20 jẹ́ orúkọ ìlànà token tirẹ̀. Ethereum bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Nígbà tí BNB Smart Chain dé ní 2020, àti Polygon, Arbitrum, Base àti irú wọn, ìlànà Ethereum ni wọ́n gbé lò, wọn kò sì yí bí wọ́n ṣe ń ṣírò àdírẹ́ẹ̀sì láti ara kọ́kọ́rọ́ padà. Nítorí náà, kọ́kọ́rọ́ kan ń bí àdírẹ́ẹ̀sì kan náà lórí gbogbo wọn: 0x, lẹ́yìn náà lẹ́tà àti nọ́ńbà 40. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ní ilé kan ní Lamashegu àti òmíràn ní Sakasaka, ní Tamale níbí, tí nọ́ńbà ara ògiri wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo sì ń ṣí méjèèjì. Ẹrù tí wọ́n já sí Sakasaka kò sọnù. Onílé ló ń wá a kiri ní Lamashegu.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ló ga jù nínú gbogbo ọ̀ràn yìí, ìdáhùn rẹ̀ ló sì máa sọ bóyá owó á padà àbí kò ní padà: ta ló ní kọ́kọ́rọ́ àdírẹ́ẹ̀sì yẹn, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí owó náà gbà? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, owó wà lọ́wọ́ yín. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn, ọwọ́ onítọ̀hún ni ẹ máa wò. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, owó ti lọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ má tíì fi owó mìíràn ránṣẹ́. Ẹ má sì pa áàpù wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ́ lórí fóònù pẹ̀lú èrò pé bí ẹ bá tún un gbé sórí fóònù, owó á yọjú. Kọ́kọ́rọ́ wọ́lẹ́ẹ̀tì ń ti inú ọ̀rọ̀ méjìlá tàbí mẹ́rìnlélógún kan jáde, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní seed phrase. Ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀, tó wá pa áàpù rẹ́, ti sọ àṣìṣe tó ní àtúnṣe di èyí tí kò ní.

TXID ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fi owó ránṣẹ́. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìfiránṣẹ́ náà ni, ó gùn, ó sì wà nínú ìtàn ìfiránṣẹ́ lórí áàpù rẹ̀. Screenshot nìkan kò tó, nítorí ẹnikẹ́ni lè yí àwòrán padà. Ẹ kọ́pì TXID yìí, kí ẹ lọ sí ojú òpó tó ń fi ìwé àkọsílẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà han gbogbo ayé: Etherscan fún Ethereum, BscScan fún BNB Smart Chain, Polygonscan fún Polygon, Tronscan fún Tron. Kò béèrè owó, kò béèrè orúkọ. Bí ẹ kò bá mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n yàn, ẹ gbé TXID náà sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti rí i ni owó gbà.

Níbẹ̀ ẹ ó rí Status. Bí ó bá jẹ́ Failed, owó ọjà kò kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́, owó iṣẹ́ nìkan ló san. Bí ó bá jẹ́ Pending, ẹ ní sùúrù. Bí ó bá jẹ́ Success, ẹ wá wo ibi tó dé. Ohun kan wà tó máa ń kó ẹ̀rù bá ọ̀pọ̀ èèyàn níbí: àdírẹ́ẹ̀sì tó wà níwájú To kì í ṣe ti ẹni tó gba USDT. Àdírẹ́ẹ̀sì ètò USDT fúnra rẹ̀ ni, torí pé òun ni wọ́n pè láti gbé owó. Ẹni tó gba owó gan-an wà nísàlẹ̀ díẹ̀, níbi tí wọ́n kọ token tí wọ́n gbé àti ẹni tí wọ́n gbé e fún. Èèyàn ti sunkún lásán nítorí pé wọn kò wo ìlà yẹn.

Ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì ìlà yẹn wé tiyín láti orí dé ìdí. Ẹ má wo lẹ́tà mẹ́rin iwájú àti mẹ́rin ẹ̀yìn nìkan. Àwọn olè wà tó ń ṣe àdírẹ́ẹ̀sì tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ jọ tiyín, wọ́n á fi owó tín-ín-tín ránṣẹ́ láti ibẹ̀ kí ó lè wọ inú ìtàn ìfiránṣẹ́ yín, kí ẹ lè kọ́pì rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ní oṣù Karùn-ún 2024, ẹnì kan tipa bẹ́ẹ̀ fi 1,155 WBTC (irú Bitcoin tí wọ́n ń lò lórí Ethereum), tí iye rẹ̀ ju 60 mílíọ̀nù dọ́là lọ, ránṣẹ́ sí olè. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀ràn nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́, ohun tí a ó sọ nísàlẹ̀ yìí kò sì ní wò ó sàn.

Bí wọ́lẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ tiyín

Èyí ló rọrùn jù, ó sì wọ́pọ̀ láàrin àwọn àdírẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x. Bí seed phrase bá wà lọ́wọ́ yín, kò sí ẹni tí ẹ fẹ́ bẹ̀. Ẹ kàn fẹ́ kí wọ́lẹ́ẹ̀tì yín wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí owó wà ni.

Ẹni tó ń lo Trust Wallet kò ní iṣẹ́ púpọ̀, nítorí áàpù náà ti mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì púpọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ wọ ibi tí wọ́n ti ń yan àwọn kírípítò tó ń hàn lójú áàpù, ẹ wá USDT, ẹ ó rí oríṣiríṣi rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan lára. Ẹ tan èyí tí BNB Smart Chain wà lára rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó á yọ lójú ẹsẹ̀.

Lórí MetaMask, ẹ fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà kún èyí tó wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní Chain ID ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni má fi ayédèrú lé yín lọ́wọ́: Ethereum jẹ́ 1, BNB Smart Chain jẹ́ 56, Polygon jẹ́ 137, Base jẹ́ 8453, Arbitrum One jẹ́ 42161. Bí ẹ bá ti bọ́ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà tí USDT kò sì hàn, ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì ètò token náà kún un. Inú ìfiránṣẹ́ yín lórí BscScan ni kí ẹ ti kọ́pì rẹ̀, nípa títẹ orúkọ token náà. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá pàdé nínú ẹgbẹ́ Telegram. Bí áàpù bá béèrè iye ẹ̀sún (decimals), ẹ fi sọ́kàn pé USDT ní 6 lórí Ethereum àmọ́ ó ní 18 lórí BNB Smart Chain. Ẹni tó bá fi 6 sí ibi tí 18 yẹ kó wà máa rí iye tó ga fíofío. Owó rẹ̀ kò pọ̀ sí i, ìṣirò ló ṣì.

Bí owó bá ti hàn tán, ẹ ó fẹ́ gbé e, áàpù á sì kọ̀. Kì í ṣe pé owó há. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní gas, ní owó tirẹ̀ nìkan: BNB lórí BNB Smart Chain, ETH lórí Ethereum, Arbitrum àti Base, POL lórí Polygon, TRX lórí Tron. Alhaja ní 800 USDT ṣùgbọ́n kò ní BNB rárá, torí náà kò lè sún un. Kí ó ra BNB díẹ̀ ní ilé pàṣípààrọ̀ (exchange) tó ń lò, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́ẹ̀sì kan náà yẹn lórí BEP20. Èyí tí iye rẹ̀ tó dọ́là kan tàbí méjì ti pọ̀ tó.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà méjì ló wà láti gbé owó lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ fẹ́. Ọ̀kan ni bridge, afárá tó so nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì pọ̀. Ìkejì ni kí ẹ fi USDT náà ránṣẹ́ sí ilé pàṣípààrọ̀ tó ń gba BEP20, kí ẹ wá yọ ọ́ jáde níbẹ̀ gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wù yín. Fún oníṣòwò, ìkejì ni mo fara mọ́. Ní 2022 nìkan, olè fọ́ bridge Ronin àti Wormhole, wọ́n sì kó ohun tó ju 800 mílíọ̀nù dọ́là lọ lápapọ̀. Àwọn ayédèrú ojú òpó bridge sì pọ̀ lórí Google. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wàhálà kan kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ òmíràn.

Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ni wọ́lẹ́ẹ̀tì

Ó lè jẹ́ ẹ̀yin lẹ fi owó ránṣẹ́, tí olùtajà l'Ékòó kò sì rí i. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun nìkan ló lè gbé owó náà. Iṣẹ́ yín ni láti tọ́ ọ sọ́nà láìjẹ́ kí ó fura sí yín, láì sì gba ohun tí kò yẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, owó ti dé ọ̀dọ̀ yín, orí BNB Smart Chain ló wà. TXID rẹ̀ nìyí, ẹ wò ó fúnra yín lórí BscScan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi seed phrase yín ránṣẹ́ sí mi, ẹ má sì fi han ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ bá yín ṣe é. Mo máa fi BNB díẹ̀ ránṣẹ́ fún owó gas." BNB díẹ̀ yẹn, owó yín ni kí ẹ fi rà á. Ẹni tó yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì láìbéèrè ló jẹ̀bi, kí ó san owó àtúnṣe.

Bí ó bá jẹ́ ilé pàṣípààrọ̀ ló ni àdírẹ́ẹ̀sì

Ibí ni sùúrù ti ń tán. Àdírẹ́ẹ̀sì tí Binance, Bybit, OKX tàbí ilé pàṣípààrọ̀ mìíràn fún yín láti fi gba owó kì í ṣe tiyín. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún orúkọ yín ni, ọ̀dọ̀ wọn ni kọ́kọ́rọ́ wà. Seed phrase yín kò wúlò níbẹ̀, bí ẹ bá tilẹ̀ ní mẹ́wàá.

Ẹ kọ́kọ́ wo ojú ewé tí wọ́n ti ń gba owó wọlé, kí ẹ rí i bóyá ilé pàṣípààrọ̀ náà ń gba USDT lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n lò. Bí wọ́n bá ń gbà á, tí àdírẹ́ẹ̀sì wọn fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn sì bá èyí tí ẹ lò mu, owó á wọ àkáǹtì yín láìsí ẹ̀bẹ̀. Bí wọn kò bá ń gbà á, ẹ ní láti kọ̀wé. Ẹ má kọ ìtàn gígùn. Ẹ fún wọn ní TXID, orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, orúkọ token àti àdírẹ́ẹ̀sì ètò rẹ̀, iye owó, ọjọ́ tó lọ, àdírẹ́ẹ̀sì tó gbà á, àti screenshot ibi tí àdírẹ́ẹ̀sì yẹn ti hàn nínú àkáǹtì yín. Bí ó bá jẹ́ inú ilé pàṣípààrọ̀ mìíràn ni owó ti wá, ẹ bẹ ẹni tó fi í ránṣẹ́ pé kí ó yọ ẹ̀rí ìfiránṣẹ́ náà fún yín. Lẹ́tà ẹ̀dùn ọkàn mẹ́wàá lójoojúmọ́ kì í mú nǹkan yá; lẹ́tà kan tó pé, tí ẹ ń tẹ̀ lé lábẹ́ nọ́ńbà ẹ̀sùn kan náà, ni wọ́n máa ń rí kà.

Àwọn ilé pàṣípààrọ̀ mìíràn ti ṣe ẹ̀rọ ìgbapadà sínú áàpù wọn. Coinbase ṣe irú rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2022 fún àwọn token ERC-20 tí wọn kì í gbà: oníbàárà á fi TXID Ethereum àti àdírẹ́ẹ̀sì ètò token náà sílẹ̀, wọ́n á sì gbé owó náà lọ sí wọ́lẹ́ẹ̀tì tara rẹ̀. Bí owó bá ju 100 dọ́là lọ, wọ́n ń gba ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó yẹ kí wọ́n gba owó iṣẹ́, torí pé ṣíṣí àpótí kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kì í ṣe ohun tí òṣìṣẹ́ kan lè dá ṣe lórí tábìlì. Ìdí kan náà ló ń mú kí àwọn mìíràn kọ̀ jálẹ̀ bí owó bá kéré. Kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀tọ́ wọn ni láti kọ̀ bí àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí bá sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ tọ́jú TXID náà. Ilé pàṣípààrọ̀ tí kò gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lónìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́dún tó ń bọ̀.

Ilé pàṣípààrọ̀ tí owó ti jáde kò lè dá a padà, bó ti wù kí ẹni tó fi í ránṣẹ́ bẹ̀ wọ́n tó. Ọjọ́ púpọ̀ máa ń ṣòfò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn tó ń fi MoMo ra USDT lọ́wọ́ èèyàn ní Tamale. Bí ẹni tó tà á fún yín bá fi í ránṣẹ́ sí àdírẹ́ẹ̀sì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ̀yin fúnra yín sọ, ó ti ṣe tirẹ̀. Ẹ má pe MTN tàbí Telecel pé kí wọ́n dá owó MoMo yẹn padà bí ẹni pé nọ́ńbà lẹ ṣì. Jìbìtì nìyẹn, ó sì ń ba iṣẹ́ olóòótọ́ jẹ́.

Àwọn àdírẹ́ẹ̀sì tí kò ní kọ́kọ́rọ́

Lórí BscScan tàbí Etherscan, bí ẹ bá tẹ àdírẹ́ẹ̀sì tó gba owó tí ẹ sì rí i pé Contract ni wọ́n kọ síbẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà ló gba owó yín. Ètò kì í ní kọ́kọ́rọ́. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ nìkan ló lè ṣe.

Ìtàn tó kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ lórí èyí ṣẹlẹ̀ ní 2022. Optimism Foundation, àjọ tó wà lẹ́yìn Optimism, nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn tó gbé ìlànà Ethereum lò, fẹ́ fún Wintermute, ilé iṣẹ́ ńlá kan nínú káràkátà kírípítò, ní 20 mílíọ̀nù token OP. Wintermute fún wọn ní àdírẹ́ẹ̀sì wọ́lẹ́ẹ̀tì kan, irú èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń fọwọ́ sí kí owó tó jáde. Ètò ni irú wọ́lẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, orí Ethereum ni wọ́n sì kọ́ ọ sí. Wọn kò tíì kọ́ ọ sórí Optimism. Optimism Foundation kọ́kọ́ fi owó kékeré dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, Wintermute sì dáhùn pé ó ti dé, ni wọ́n bá rọ ìyókù síbẹ̀. Owó dé lóòótọ́, wọ́n ń rí i lójú òpó, àmọ́ kò sí ilẹ̀kùn tí wọ́n lè gbà wọ ibẹ̀. Kí wọ́n tó tún un ṣe, àjèjì kan ti kọ́ wọ́lẹ́ẹ̀tì náà sórí Optimism ní àdírẹ́ẹ̀sì yẹn gan-an, ó sì sọ ara rẹ̀ di ẹni tó ni ín. Ó ta mílíọ̀nù kan, ó fi mílíọ̀nù kan ránṣẹ́ sí Vitalik Buterin, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Ethereum sílẹ̀, kí ó tó wá dá mílíọ̀nù 17 padà. Bí ẹ bá fẹ́ fi owó kékeré dán ọ̀nà wò, rírí i lójú òpó kò tó: kí ẹni tó gbà á gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí ó tó sọ pé òun ti rí i. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ilé iṣẹ́ yẹn kò ṣe èyí.

Àwọn mìíràn máa ń ṣèèṣì fi USDT ránṣẹ́ sí àdírẹ́ẹ̀sì ètò token. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, Tether bá àwọn oníṣòwò kan láti Ṣáínà gba mílíọ̀nù kan USDT padà, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ètò token Swerve. Tether lè ṣe é nítorí pé àwọn ló ń ṣe USDT, wọ́n lè dí owó kan pa kí wọ́n sì tẹ òmíràn dípò rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ETH tàbí Bitcoin. Ẹni tí owó tirẹ̀ kò tó nǹkan kò sì gbọ́dọ̀ fi ọkàn sí i.

Ó ku àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí àdírẹ́ẹ̀sì wọn kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x. Ti Tron, tí ìlànà token rẹ̀ ń jẹ́ TRC20, kò gùn. Àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú T, ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 34, áàpù tó dáa kò sì ní jẹ́ kí ẹ fi TRC20 ránṣẹ́ sí 0x. Bitcoin àti Bitcoin Cash ni ìdàrúdàpọ̀ wọn pọ̀ rí, láti ìgbà tí wọ́n pínyà ní oṣù Kẹjọ 2017, nítorí pé àdírẹ́ẹ̀sì wọn jọra. Ìyẹn ló mú kí Bitcoin Cash gbé irú àdírẹ́ẹ̀sì tuntun jáde ní 2018, wọ́n sì tún òfin nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ṣe ní oṣù Karùn-ún 2019 kí owó kan tó há lè padà jáde. Ní ti XRP, ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni tag, nọ́ńbà tó ń jẹ́ kí ilé pàṣípààrọ̀ mọ oníbàárà tó ni owó. Ilé pàṣípààrọ̀ ló ń bá èèyàn yanjú ìyẹn, ó sì máa ń ṣeé ṣe.

Àwọn tí yóò wá bá yín

Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ owó tó yẹ kó padà, ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ló ń gbà lọ. Bí ẹ bá ké síta lórí Telegram tàbí Facebook pé owó yín há, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á kọ̀wé sí yín ní ìkọ̀kọ̀. Á pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ Trust Wallet tàbí MetaMask, á fi àwòrán ilé iṣẹ́ náà sára àkáǹtì rẹ̀, á bá yín kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà á ní kí ẹ wọ ojú òpó kan láti "so wọ́lẹ́ẹ̀tì pọ̀", níbi tí wọ́n á ti béèrè seed phrase. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ méjìlá yẹn ti gba gbogbo ohun tí ẹ ní, lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti òní àti ti ọ̀la. Ilé iṣẹ́ wọ́lẹ́ẹ̀tì kankan kì í béèrè rẹ̀.

Àwọn mìíràn kò ní béèrè seed phrase. Owó ìṣáájú ni wọ́n á gbà, wọ́n á ní àwọn ní ẹ̀rọ tó ń fa kírípítò padà. Kò sí ẹ̀rọ tí àjèjì lè fi fa owó jáde láìní kọ́kọ́rọ́ àdírẹ́ẹ̀sì tó wà. Ní oṣù Kẹjọ 2023, FBI ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn nípa àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi irọ́ yìí gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti kọ́kọ́ lù ní jìbìtì. Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹni tó bá ń ṣe bí òpè, tó kọ seed phrase tirẹ̀ síta, tó ní USDT òun há sórí Tron, kí ẹ ran òun lọ́wọ́. Ẹ ó wọ ibẹ̀, ẹ ó rí USDT náà lóòótọ́, kò ní sí TRX fún gas. Bí ẹ bá fi TRX síbẹ̀, ó lọ nìyẹn, nítorí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi hàn yín kò ní àṣẹ láti gbé ohunkóhun.

Bí wọ́n bá ti gba owó yín báyìí, ẹ pe 292, nọ́ńbà ìpè kúkúrú tí Cyber Security Authority ti Gáná yà sọ́tọ̀ fún irú ẹjọ́ yìí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá pẹ̀lú TXID. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gáná buwọ́ lu òfin tó dá lórí àwọn tó ń ṣe òwò kírípítò ní oṣù Kejìlá 2025. Bí òfin náà bá ti ń múlẹ̀ sí i, ẹni tó ń lo ilé pàṣípààrọ̀ tó ní ìwé àṣẹ á ní ibi tó lè gbé ẹ̀sùn lọ, ìdí kan tó tó nìyẹn láti fi ilé pàṣípààrọ̀ tí kò ní ọ́fíìsì níbì kankan sílẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má tún dé ibí

Nígbà tí ẹ bá ń fún èèyàn ní àdírẹ́ẹ̀sì, ẹ kọ orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ ọn nínú ọ̀rọ̀ kan náà, kí ẹ sì kọ irú token tí ẹ fẹ́. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ béèrè kí ẹ tó yàn, kódà bí ẹ bá ti fi owó ránṣẹ́ sí ẹni náà lóṣù tó kọjá, nítorí ó lè ti pààrọ̀ wọ́lẹ́ẹ̀tì. Owó iṣẹ́ tó kéré kì í ṣe ìdí láti yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Fún owó ọjà tó nípọn, ẹ fi díẹ̀ ṣáájú, kí ẹni tó gbà á sì gbé e kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó fi ìyókù tẹ̀ lé e. Ẹ kọ seed phrase sórí ìwé, ẹ má yà á ní fọ́tò, ẹ má sì fi í sínú WhatsApp.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ti àwọn ìyá àti bàbá wa tó ní ìsọ̀ ní Tamale. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ka TXID lórí BscScan kí owó wọn tó há, kí ó má jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà ni olè.